Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí pé kẹ́mísírì wà nínú rẹ̀ kí ẹ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka èdè àti ẹ̀yin ará ẹ̀ka òfin, ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ máa rí i tó bá yá. Ìbéèrè náà nìyí: tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé eérú funfun tó wà nínú ìgò kan tí wọ́n dé pa jẹ́ gíráàmù 2.62, tí kò ṣí ìgò náà, tí kò gbé eérú náà lé òṣùwọ̀n, ṣé ó mọ ohun tó ń sọ ni, àbí ó kàn gbà bẹ́ẹ̀ ni? Èkejì rẹ̀ tún nìyí, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù: tí ẹlòmíì bá jókòó sí yàrá rẹ̀, tó kọ 2.62 yẹn kan náà sínú ìwé láì wo ohunkóhun, tí iye náà sì wá bọ́ sí i gẹ́lẹ́, ṣé irọ́ ló pa?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú ìṣirò náà palẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é láti ilé ẹ̀kọ́ girama láì bi í léèrè ibi tó ti wá. Ká sọ pé a ní ìgò onílítà 2 kan. A ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a wá fi oxygen nìkan kún un. Géèjì ẹnu rẹ̀ ń ka 1.00 atm, ìgbóná inú yàrá sì jẹ́ 27°C. Ègé magnesium kan wà nínú ìgò ọ̀hún. A fi iná mànàmáná tàn án látòde, ó jó, ó mọ́lẹ̀ yòò débi pé ojú ò lè wò ó, ó sì di eérú funfun tí à ń pè ní magnesium oxide. A dúró títí ìgò náà fi tutù padà sí 27°C. A tún wo géèjì. Ó ti di 0.60 atm.

Ohun tí ojú wa rí ò ju ìyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà níbì kan, ó sún lọ síbòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a lè fà yọ lára ìsúnlọ yẹn. Ìfúnpá inú ìgò kì í ṣe idán. Àwọn ẹyọ gáàsì tó ń sáré kiri, tí wọ́n ń forí sọ ara ìgò láti inú, ló ń fà á. Tí àyè inú ìgò ò bá yí padà, tí ìgbóná náà ò sì yí padà, a jẹ́ pé iye ẹyọ tó ti kúrò níbẹ̀ ni ìfúnpá tó dín kù ń sọ fún wa. Ìfúnpá wa fi 0.40 atm dín kù. Ẹ fi lítà 2 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 0.0821 àti 300 pín in, torí 300 ni 27°C lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Ohun tí ẹ máa rí ni 0.0325 mole. Oxygen tó sọnù nìyẹn. Kò sì ríbi sọnù sí, inú eérú ló wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti wọlé nìyí: 2Mg + O₂ → 2MgO. Mole kan oxygen ló ń bí mole méjì eérú. Nítorí náà, 0.0325 máa di 0.0650 mole. Mole kan eérú yìí jẹ́ gíráàmù 40.3. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 2.62 jáde.

Tí eléyìí bá ṣì rú ẹnikẹ́ni lójú, ẹ ronú ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Tó bá ti se ẹyin, á là á sí méjì, á fi ìlàjì kan sínú ewé kan. Ẹyin kan, mọ́ínmọ́ín méjì. Láàárọ̀, ẹyin 30 ló wà nínú kíréètì. Lọ́sàn-án, ó ku 24. Kò dìgbà tí ẹ bá ṣí ìkòkò gbígbóná, tí ooru sì jó yín lọ́wọ́, kí ẹ tó sọ pé mọ́ínmọ́ín 12 ló wà níná. Ẹyin tó kúrò ní kíréètì ni ẹ kà, ẹ sì mọ bí ìyá náà ṣe ń pín in. Géèjì ni kíréètì wa. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ni ọwọ́ ìyá náà.

Ó dùn, àbí? Ó dùn jù, òun ló fi yẹ ká ṣọ́ra fún un. Ta ló sọ fún yín pé ọmọ ìyá náà ò tíì bu ẹyin kan dín? Ta ló sọ pé ọ̀kan ò fọ́? Ta ló sọ pé aládùúgbò tó yá ẹyin méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá ò dá a padà sínú kíréètì nígbà tí ẹ yíjú?

Nínú ìgò wa náà, gbogbo ìwọ̀nyí lè ṣẹlẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ lásán la fi kún un dípò oxygen, nitrogen ló máa pọ̀ jù nínú rẹ̀, magnesium tó ń jó kì í sì í fi nitrogen sílẹ̀ pátápátá. Ó máa ń gbà nínú rẹ̀, á di magnesium nitride, Mg₃N₂. Géèjì ò mọ ìyàtọ̀. Ẹyọ gáàsì tó bá kúrò, ó ti kúrò nìyẹn, ì báà jẹ́ ti oxygen, ì báà jẹ́ ti nitrogen. Mo ṣírò rẹ̀ wò: ká ní nitrogen nìkan ni gbogbo 0.0325 mole yẹn, ohun tó máa wà nínú ìgò á jẹ́ gíráàmù 3.28. Géèjì kan náà, 0.60 kan náà, ṣùgbọ́n 2.62 ni tàbí 3.28 ni, tàbí iye kan tó wà láàárín wọn.

Ká tún ní ẹni tó ń ṣe é ò ní sùúrù, tó lọ wo géèjì nígbà tí gáàsì inú ìgò ṣì gbóná tó 327°C. Ìyẹn jẹ́ 600 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ìlọ́po méjì 300. Géèjì máa ka 1.20 atm. Á wá dà bíi pé ṣe ni gáàsì ń pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ó ti dín kù gan-an. Ká tún ní ẹnu ìgò ò dé dáadáa. Bí ìfúnpá inú bá ti lọ sílẹ̀ ju ti òde lọ, afẹ́fẹ́ òde á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ìṣirò á sì bu eérú náà kù. Aládùúgbò tó dá ẹyin padà nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sínú èdè wa. Yorùbá kì í fi "mo mọ̀" ṣeré. Lọ́dún 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé fìlọ́sọ́fì méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni wọ́n lọ jókòó sí, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ bíi mọ̀ àti gbàgbọ́. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí ò ki ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ àpò kan náà. Ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fúnni, tàbí tí a kà, tí a wá gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú ara rẹ̀ palẹ̀: gbà, gbọ́. Wọ́n sọ ọ́, mo gbọ́ ọ, mo gbà á. Ṣebí ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà náà nìyẹn.

Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn 2.62 wa, kí ló máa kù? Ojú mi rí abẹ́rẹ́ géèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi rí ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná kà. Ojú mi rí eérú funfun. Ìmọ̀ mi parí síbẹ̀. Ta ló sọ pé 0.0821 ni kí n fi pín in? Inú ìwé ni mo ti rí i. Ta ló sọ pé mole kan eérú jẹ́ gíráàmù 40.3? Wọ́n kọ́ mi ni. Ta ló sọ pé oxygen kan ń bí eérú méjì? Wọ́n kọ́ mi náà ni. Ìgò náà gba lítà 2, ẹni tó ṣe é ló kọ ọ́ sí i lára. Nítorí náà, tí mo bá ní "mo mọ̀ pé gíráàmù 2.62 ni," ẹnu mi gùn díẹ̀ ju ojú mi lọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé: mo rí géèjì, mo gba ìyókù gbọ́, tí gbogbo rẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe wí, a jẹ́ pé 2.62 ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe àbùkù. Kò sẹ́ni tó lè fojú ara rẹ̀ rí gbogbo ohun tó fi ń ṣayé. Àwọn oníṣègùn náà gbà bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ sì lè di ìmọ̀ lọ́jọ́ tí ojú bá tó o. Ohun tí wọn ò gbà ni pé kí èèyàn dá aṣọ ìmọ̀ fún ìgbàgbọ́, kó wá máa yan kiri ìlú.

Bí a ṣe ń sọ ìgbàgbọ́ di ìmọ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára jù tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gáàsì yìí wá láti ilẹ̀ Faransé. Antoine Lavoisier kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó gbé jáde lọ́dún 1789. Ó gbé ounce 4 mercury ka iná nínú ìgò ọlọ́rùn gígùn kan, ó sì so ọrùn ìgò náà mọ́ afẹ́fẹ́ tó wọ̀n sílẹ̀, inch 50 lórí òṣùwọ̀n àyè tiwọn. Ọjọ́ 12 ló fi dáná sí i. Eérú pupa bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí mercury náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ inch 50 ti di 42 sí 43. Nǹkan bí inch 7 sí 8 ti rá. Ẹlòmíì ì bá dúró síbẹ̀, kó mú bíírò, kó ṣírò ohun tó wọ inú eérú.

Lavoisier ò dúró síbẹ̀. Ó kó eérú pupa náà jọ, ó gbé e lé òṣùwọ̀n: grain 45, bíi gíráàmù 2.4 lóde òní. Ó wá dáná sí eérú náà lọ́tọ̀, iná tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Eérú náà tú ká. Mercury tó jáde lára rẹ̀ jẹ́ grain 41 àti ààbọ̀, gáàsì tó sì jáde jẹ́ inch 7 sí 8. Ohun tó rá lọ́jọ́sí ló padà wálé yẹn. Mo fi òṣùwọ̀n òde òní yẹ̀ ẹ́ wò. Grain 3 àti ààbọ̀ tó yàtọ̀ sí ara wọn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.19. Oxygen inch 7 náà, tí a bá ṣírò rẹ̀ ní ìgbóná inú yàrá, nǹkan bíi gíráàmù 0.19 ni. Ọ̀nà méjì, ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ṣe báyìí, ẹ jẹ́ kó sọ pé òun mọ̀. Ó ti fojú bà á ní tàlọ-tàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá délé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe nínú láàbù. Èdè ọgbà ń pè é ní síse. Kì í ṣe ẹ̀wà là ń sè, kì í ṣe ìrẹsì, èsì là ń sè. Ẹni tó ń se èsì máa kọ́kọ́ mú ohun tó yẹ kó jáde, á wá máa rìn padà sẹ́yìn nínú ìṣirò títí á fi dé ohun tó yẹ kí géèjì kà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé òun rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sè tiẹ̀ máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i: wọ́n á kọ 0.61 dípò 0.60 kó má baà dà bíi pé ó pé jù.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n náà ń múra àtijáde lọ́dún yẹn, èèyàn dáadáa sì ni.

Ó ní, "Àbúrò, wòlíì lo fẹ́ dà ni? Géèjì kan, ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́. Iná ò sí. Ẹnu ìgò ń jò. Ṣé ohun tí géèjì burúkú bá wí ni kí n kọ, kí wọ́n wá fún mi ní òdo? Èsì tí mo kọ, ṣé kò tọ̀nà ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tọ̀nà."

Ó ní, "Ó parí nìyẹn."

Kò parí. Ẹ jẹ́ n mú ohun tí ẹ̀gbọ́n wí lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Àkọ́kọ́, pé èsì náà tọ̀nà. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka òfin, ibi tí mo ti ń pè yín nìyí. Ká sọ pé wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sílé ẹjọ́ pé ó jí ewúrẹ́. Òótọ́ ni, òun ló jí i. Ẹlẹ́rìí kan wá dìde, ó búra pé òun fojú ara òun rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí yìí wà nílé tó ń hanrun. Ọkùnrin náà ló jí ewúrẹ́, òótọ́ ni. Ẹlẹ́rìí rí i, irọ́ ni. Òótọ́ àkọ́kọ́ ò lè wẹ irọ́ kejì mọ́. Ohun tí adájọ́ gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí kì í ṣe òótọ́ nípa ewúrẹ́ nìkan, ojú rẹ̀ ló gbà, ìyẹn ni kò sì sí níbẹ̀. Ẹ wá rò ó síwájú sí i. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á gbé ẹlòmíì wá, ẹni tí kò jí nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí yẹn náà á tún dìde, ohùn rẹ̀ á rí bákan náà, ìbúra rẹ̀ á rí bákan náà. Báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ èwo ni èwo?

Ìdí ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí. Èsì tí a sè rí bákan náà lọ́jọ́ tó tọ̀nà àti lọ́jọ́ tí kò tọ̀nà. Géèjì tó lè wí pé "rárá" nìkan ni "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ níye lórí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí 0.60, ìdí tó fi dùn mọ́ wa ni pé ó ṣeé ṣe kó dúró sí 0.75, kó sì já wa kulẹ̀. Ẹni tó bá rìn láti orí 2.62 padà sí 0.60, tó tún wá ń fi 0.60 yẹn ṣe ẹ̀rí pé 2.62 ni, ó dà bí ẹni tó kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀, tó wá ń sọ fún ará ilé pé wọ́n kọ̀wé sí òun láti ìdálẹ̀. Nínú gbogbo ìṣirò wa, ibi kan ṣoṣo tí ojú ti rí nǹkan ni géèjì. Tí a bá ti se ìyẹn náà, ìgbàgbọ́ ló kù láti òkè délẹ̀, a wá ń pè é ní ìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan nípa ìyàtọ̀ kékeré. Ní nǹkan bí ọdún 1892, Lord Rayleigh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọn nitrogen. Èyí tó yọ láti inú afẹ́fẹ́ ń wúwo ju èyí tó yọ láti inú àwọn èròjà bí ammonia lọ. Nígbà tó wọ̀n wọ́n dáadáa tán, gíráàmù 1.2572 ni lítà kan àkọ́kọ́, nǹkan bíi 1.2505 sì ni ti èkejì. Ìyàtọ̀ náà ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú igba lọ. Ẹ sọ òótọ́, nínú láàbù wa, ta ló máa rí ìyàtọ̀ yẹn tí kò ní sọ pé "ó ti súnmọ́ ọn," kó sọ méjèèjì di ọ̀kan, kó lọ jẹun? Rayleigh ò se é. Ó tiẹ̀ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1892, ó ní kí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ wá ran òun lọ́wọ́.

William Ramsay dá sí i. Ẹ wá gbọ́ ohun tó lò: magnesium gbígbóná, magnesium wa yìí náà! Ó mọ̀ pé magnesium máa ń gba nitrogen, ó wá ń dari nitrogen inú afẹ́fẹ́ gba orí rẹ̀ lọ, gba orí rẹ̀ bọ̀, títí tí nitrogen fi tán. Gáàsì kan ṣẹ́kù tí magnesium ò gbà. Lọ́dún 1894, àwọn méjèèjì kéde rẹ̀: argon, gáàsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì sọ lórúkọ ọ̀lẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń mí símú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́dún 1904, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel, Rayleigh ní físíìsì, Ramsay ní kẹ́mísírì. Inú ìyàtọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá sè ni gáàsì yẹn fara pamọ́ sí.

Tí ti Rayleigh bá jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ ká wá sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Sílíńdà oxygen tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, kò sẹ́ni tó ń gbé e lé òṣùwọ̀n láti mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Géèjì ni wọ́n ń wò, ìṣirò tiwa yìí náà ni. Sílíńdà onílítà 10 tí géèjì rẹ̀ ka 100 bar ní nǹkan bíi lítà 1000 gáàsì nínú. Tí aláìsàn bá ń gba lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, ó máa tó ìṣẹ́jú 200, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Tí ó bá jẹ́ 40 bar ni géèjì ń kà, ìṣẹ́jú 80 ló kù. Ẹni tó kọ 100 sínú ìwé torí pé 100 ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí kò dìde lọ wò ó, iṣẹ́ tó kọ́ nínú láàbù ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa bọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan tí kò bá bọ́ sí i, ìwé rẹ̀ ò ní yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, kò sì ní sí ohun tó máa ta ẹnikẹ́ni jí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí n ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: géèjì burúkú, ẹnu ìgò tó ń jò, àti òdo. Òótọ́ ni. Tí ẹni tó ń gba ìwé bá ń fún èsì tó rẹwà ní máàkì, tó ń fìyà jẹ èsì tó jẹ́ òótọ́, òun náà ló ń dáná tí a fi ń sè é. N ò ní tan yín pé òtítọ́ kì í náni ní nǹkan. Ó lè náni ní máàkì, máàkì sì lè náni ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, géèjì tó bàjẹ́ ò ní kí ẹnikẹ́ni parọ́. Ohun tó ní ká kọ ni pé: "Géèjì ka 0.75. Ìṣirò ní 0.60 ló yẹ. Ẹnu ìgò ń jò, mo gbọ́ ìró rẹ̀." Ẹni tó kọ báyìí mọ kẹ́mísírì ju ẹni tó se 0.61 lọ, torí ó mọ èyí tí ojú rí, ó mọ èyí tí ìwé wí, ó sì mọ ibi tí méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn síra wọn. Tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́ta náà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ẹni tó yẹ kó tún ìgò ṣe máa tó mọ̀ pé ó ń jò. Nígbà tí gbogbo wa ń se 0.60, ṣe là ń jẹ́rìí fún ìgò náà pé ó dára.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè mi méjèèjì rèé. Ẹni tó wo géèjì, tó ṣírò, tó ní 2.62, kò tíì mọ̀ tán, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, ó sì lè di ìmọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣí ìgò tó gbé eérú náà lé òṣùwọ̀n. Ẹni tó kọ 2.62 láì wo nǹkan kan, irọ́ ló pa, bí iye náà tilẹ̀ bọ́ sí i dé orí ìdá ẹgbẹ̀rún. Kò parọ́ nípa eérú. Nípa ojú ara rẹ̀ ló parọ́.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, tí ẹ bá tún wọ láàbù, tí géèjì bá ka 0.57, ẹ kọ 0.57.